Ẹ Kọ́kọ́ Tún Ilé Ṣe Kí Ẹ Tó Ra Ẹja: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Kribensis Nínú Gíláàsì

Ẹja tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kéré. Akọ rẹ̀ tó bá dàgbà tán lè tó sẹ̀ǹtímítà 10, abo kì í sábà kọjá 8. Pelvicachromis pulcher ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, Boulenger ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1901. Kribensis ni àwọn tó ń tọ́ ẹja sínú ilé mọ̀ ọ́n sí. Ìbátan ẹpìyà ni. Ìlà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ láti imú dé ìrù, ikùn abo a sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àkókò àtiyé ẹyin bá ti súnmọ́.

Ẹja ilẹ̀ wa ni, gúúsù Nàìjíríà ni ìdílé rẹ̀. Àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ń tọ́ ọ sí pálọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́, ọmọ wọn mọ orúkọ rẹ̀. Tiwa kò mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Iṣẹ́ gíláàsì ni mò ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́: wíńdò, ìlẹ̀kùn, díńgí ara ògiri. Ìyá tó bí mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, nítorí náà mi ò ṣàjèjì sí àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà. Ṣùgbọ́n ẹja tí a kò ní sè, tí a kàn ń tọ́ kí a lè máa wo bó ṣe ń fẹ́ ìyàwó, bó ṣe ń tọ́ ọmọ, kribensis ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo àlàyé mi: ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, ẹja ló kẹ́yìn. Ẹni tó ra ẹja ní àárọ̀ tó wá ń wá gíláàsì kiri ní ọ̀sán, kò ní pẹ́ gbé òkú ẹja dànù.

Ibi tí Ọlọ́run dá a sí

Odò Ethiope ní ìpínlẹ̀ Delta wà lára àwọn odò tí ẹja yìí ń gbé. Ìdí igi àràbà ńlá kan ní Umuaja ni odò náà ti sun, ó gba Abraka kọjá, ó sì ṣàn dé Sapele. Omi rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ lè rí ilẹ̀ yanrìn nísàlẹ̀. Omi tí ọṣẹ ń tètè hó nínú rẹ̀ ni, ó sì kan díẹ̀, nítorí kò sí òkúta ẹfun tó pọ̀ nílẹ̀ tí yóò pa ìkan rẹ̀, ewé tó ń já bọ́ látinú igbó náà ń fi tiwọn kún un.

Kribensis kì í gbé àárín odò níbi tí omi ti ń sáré. Ẹ̀bá odò ni, lábẹ́ ewéko, láàárín gbòǹgbò igi àti ewé tó rà sílẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń há mọ́. Á bu yanrìn sẹ́nu, á tu ú dànù, á yọ ohun tó bá lè jẹ nínú rẹ̀: ìdin kòkòrò, àwọn ẹranko omi wẹ́wẹ́, àti ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ mọ́ ara òkúta àti igi. Àwọn ẹja ńlá ń lé e, àwọn ẹyẹ tó ń pẹja ń ṣọ́ ọ láti òkè, nítorí náà ihò àti òjìji ni ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀. Kribensis tí a kó sínú gíláàsì tó mọ́lẹ̀ rekete, tí kò ní ihò tí yóò sá sí, á pàwọ̀ dà sí funfun ràkọ̀ràkọ̀, kò ní jẹun. Àwọn ènìyàn á ní ẹja náà kò lẹ́wà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Gíláàsì

Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, ti tó takọtabo kan. Bí ẹ bá kún un dé ẹnu, á gba lítà 54. Bí yanrìn àti ìkòkò bá ti wọ inú rẹ̀, tí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, omi tó máa kù nínú rẹ̀ á tó 45. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó ga tóóró fún yín. Ilẹ̀ ni ẹja yìí ń rìn, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ kí oníṣẹ́ bíi tèmi bá yín kàn án, ẹ ní kó lo gíláàsì mílímítà 6. Ẹ béèrè irú gọ́ọ̀mù tó fẹ́ lò. Sílíkóònù tí wọ́n ń lò fún balùwẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí èébu hù, oògùn yẹn ń ṣe ẹja níjàǹbá. Sílíkóònù lásán tí kò ní oògùn nínú, tó máa ń rùn bíi fíníígà bó bá ń gbẹ, ni mo ń lò. Mo máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ, títí òórùn náà á fi tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ni mo ń bu omi kún un níta, tí mo ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n lè mọ̀ bóyá ó ń jò.

Tábìlì tí ẹ máa gbé e lé gbọ́dọ̀ lágbára. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, ẹ wá fi yanrìn àti gíláàsì fúnra rẹ̀ kún un: ó ti wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, omi á gbóná jù, á sì di aláwọ̀ ewé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀. Kribensis lè fò jáde bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, ọmọńlé náà sì lè jábọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá tí táǹkì wà. Oògùn tí kò ṣe ènìyàn ní nǹkan púpọ̀ ń pa ẹja láàárín wákàtí díẹ̀, pọ́ǹpù atẹ́gùn á sì máa fà á lọ tààrà sínú omi. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta sórí ibùsùn.

Yanrìn, igbá àgbọn, ewé

Yanrìn múlọ́múlọ́ ni ẹ̀ ń wá, torí ẹja yìí á máa gbé e sẹ́nu. Yanrìn etí ọ̀sà máa ń ní èéfọ́ ìkarahun nínú, ìkarahun á sì sọ omi di líle díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ bu ṣíbí kan sínú ife, kí ẹ da fíníígà lé e. Bó bá hó tí ó ń tú ìfófòó jáde, ìkarahun wà níbẹ̀, ẹ dà á nù. Bí kò bá hó, ẹ ṣan án títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4.

Fún ihò, kò sí ohun tó dára ju igbá àgbọn lọ. Ẹ fọ́ àgbọn sí méjì, ẹ jẹ inú rẹ̀, ẹ ha okùn ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ẹ sè é, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ tún un sè títí òróró kò fi ní yọ mọ́. Ẹ wá fi ayùn rẹ́ ẹnu ọ̀nà kan sí etí rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí yanrìn. Ẹnu ọ̀nà yẹn lọ̀ràn wà: kó gba abo ní ìrọ̀rùn, kí akọ fún ara rẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé. Abo fẹ́ràn ilé tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wọlé lójijì. Ẹ yí ẹnu ọ̀nà náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn, kó má kọjú sí yín. Bí ìyá yín bá ní ìkòkò amọ̀ tó ti fọ́, àpáàdì rẹ̀ náà dára. Ẹ fi ihò mẹ́ta sínú táǹkì kódà bó jẹ́ ẹja méjì péré lẹ ní, kí èyí tí wọ́n bá ń lé lè ríbi sá sí.

Ó wá ku ewé. Igi fúrúùtù tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀pẹ́ yìí, ewé rẹ̀ tó bá gbẹ tó já sílẹ̀ jẹ́ nǹkan iyebíye fún ẹni tó ń tọ́ ẹja. Lókè òkun, wọ́n ń kó o sínú ọ̀rá tà. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ìyá ń gbá a jọ ní àárọ̀, wọ́n ń dáná sun ún. Ẹ ṣa èyí tó ti pọ́n tó sì gbẹ dáadáa, kì í ṣe tútù, kí ẹ má sì ṣa èyí tó wà lẹ́bàá títì níbi tí epo ọkọ̀ ti ń ta sí i. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sínú táǹkì. Omi á mú àwọ̀ tíì fẹ́ẹ́rẹ́, á kan díẹ̀ sí i, ohun tó ń jáde lára ewé náà sì ń dín èébu tó máa ń mú ẹyin ẹja kù. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó ń hù lára ewé bó ti ń jẹrà ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹja máa jẹ. Ẹ má gbé ewé yẹn jáde torí pé àlejò ní omi yín dọ̀tí. Bí omi odò inú igbó ṣe ń rí nìyẹn.

Ojú oró ní ń lékè omi, òṣíbàtà ní ń lékè odò. Ojú oró kékeré méjì tàbí mẹ́ta lórí omi á ṣe òjìji, gbòǹgbò rẹ̀ á fa ìdọ̀tí tí a kò lè rí nínú omi. Bí ẹ bá kó o látinú odò, ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, kí eṣúṣú má baà bá yín wọlé.

Omi

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, nítorí wọ́n rò pé omi lomi ń jẹ́.

Omi ọ̀sà kọ́ ni kí ẹ bù. Ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí omi òkun bá ti ń wọlé, ọ̀sà Lẹ́kí ní tirẹ̀ kì í níyọ̀ púpọ̀, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ bù ní oṣù kẹjọ kọ́ ni ẹ máa bù ní oṣù kejì. Yàtọ̀ sí iyọ̀, àìsàn ara ẹja mìíràn wà níbẹ̀.

Omi kànga àti omi bọhóòlù agbègbè wa máa ń kan, nítorí ilẹ̀ oníyanrìn ló ti ń jáde. Ìyẹn dára fún kribensis. Tinú kànga mi máa ń wà ní 6 bí mo bá fi bébà pH wò ó (pH ni ìwọ̀n ìkan omi: bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó). Ẹ ra bébà náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ẹja tàbí nǹkan iléèwòsàn. Ẹ máa tì í bọ omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí, ẹ ó fi í wé èyí tó wà lára páálí. Láàárín 6 sí 7 ni kí ẹ máa lé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí omi kànga yẹn bá kọ́kọ́ sùn sínú táǹkì sìmẹ́ǹtì, pàápàá èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, sìmẹ́ǹtì á pa ìkan rẹ̀, pH á lọ sókè ju 8 lọ. Ẹ bù ú tààrà láti kànga, tàbí láti inú táǹkì oníke.

Omi òjò rọ̀ jù lọ. Ẹ má gbe tàwọn òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, eruku àti imí ẹyẹ orí páànù ló kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó gbé garawa sí i, bí páànù yín bá sì ti dípẹtà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má lo omi òjò nìkan. Kò ní nǹkan kan nínú tó máa dì í mú, pH rẹ̀ lè já lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ìdajì òjò, ìdajì kànga, bí mo ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ń lo omi ìjọba, kí ó bù ú sínú garawa tí kò lómọrí di ọjọ́ kejì kí oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ.

Ní ti ooru, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹja ilẹ̀ olóoru ni, omi tó wà láàárín dígírì 24 sí 28 lórí ìwọ̀n Celsius tẹ́ ẹ lọ́rùn, inú yàrá wa sì máa ń fún un ní bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sán bá mú janjan nínú oṣù kẹta, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ dáadáa, torí omi gbígbóná kì í di atẹ́gùn mú bíi ti tútù.

Fóòmù tí pọ́ǹpù atẹ́gùn ń fa omi gba inú rẹ̀ kọjá tó fún asẹ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ni fóòmù yẹn ń gbà. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ń di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń kọ́lé sínú fóòmù, àwọn kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò ní ipá tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹ pọn omi sí táǹkì, ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ máa jù oúnjẹ ẹja bíńtín sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀. Ẹ fi bébà àyẹ̀wò wo amóníà àti nitrite títí méjèèjì á fi padà di òdo. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní táǹkì tí ara ẹja inú rẹ̀ le, ẹ ní kó fún yín ní ègé fóòmù rẹ̀ tó ti dọ̀tí, ìyẹn á yá iṣẹ́ náà púpọ̀. Sùúrù yìí ló ń ṣòro jù fún wa, mo mọ̀. Síbẹ̀ kò sí ọ̀nà àbùjá tí mo lè fi hàn yín.

Iná ọba ń lọ, gbogbo wa la mọ̀. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì tí a ń ṣáàjì dára púpọ̀. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí kò sí bátìrì, ẹ yọ fóòmù, ẹ fún un nínú omi tí ẹ bù látinú táǹkì fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tún tan pọ́ǹpù, torí ohun tó ti kú sínú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ fọ fóòmù láéláé.

Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdá kan nínú márùn-ún omi náà jáde, kí ẹ sì dá irú omi kan náà padà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Rírà á

Ẹ ra ọmọ kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn yan ara wọn. Bí méjì bá ti di tọkọtaya, ẹ ó rí i pé wọ́n ń lé àwọn yòókù; ẹ tètè kó àwọn yòókù fún ẹlòmíràn. Akọ gùn, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti ti abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó, ìrù rẹ̀ a sì máa yọ gùn ní àárín. Abo kúrú, ó sanra roboto, orí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ṣe rìbìtì. Ẹ má ra èyí tí ikùn rẹ̀ wọnú, tàbí èyí tó pa lẹ́bẹ́ pọ̀ mọ́ ara. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Èyí tí wọ́n bí sínú ilé máa ń le ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó látinú odò lọ.

Láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, ẹ kúrò lọ́jà ní àárọ̀ kùtù kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ajah tó mú yín mọ́ inú oòrùn. Kí omi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá, kí atẹ́gùn jẹ́ ìdá méjì yòókù. Ẹ fi aṣọ dúdú wé e.

Oúnjẹ

Oúnjẹ ẹja àrọ̀ oníhóró wẹ́wẹ́, tí ẹ lọ̀ kúnná, ni mo fi ń ṣe ti ojoojúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi nǹkan ewéko kún un: ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀, tí ẹ gé wẹ́wẹ́, wọ́n á máa ṣá a jẹ.

Ohun tó ń mú ikùn abo pọ́n ni tanwíjí. Ẹ gbé garawa omi kan sẹ́yìn ilé, ẹ ju ewé gbígbẹ sínú rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tanwíjí á máa jó nínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ kó wọn ní ọjọ́ kẹta-kẹta, kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí bíi ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tó ń fò. Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ da garawa yẹn nù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ẹja kó ibà ran àwọn ará ilé. Ẹ má sì bu tanwíjí inú gọ́tà. Ọṣẹ àti epo ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó, ọkọ, ọmọ

Bí ara bá tù wọ́n, ẹ kò ní ṣe nǹkan kan kí wọ́n tó bímọ. Lọ́dọ̀ kribensis, abo ló máa ń kọnu sí akọ. Á tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ níwájú akọ, á gbé ikùn pupa yẹn sí i lójú, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì. Ẹ ó wá rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń fi ẹnu kó yanrìn jáde lábẹ́ igbá àgbọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Láìpẹ́ abo kò ní jáde mọ́, akọ á dúró síta, á máa lé ohunkóhun tó bá súnmọ́ ibẹ̀, tó fi dé ìka yín tí ẹ bá fi kan gíláàsì.

Ẹyin ti wà lókè àjà igbá nìyẹn. Ó lè lé ní igba. Abo á máa fi lẹ́bẹ́ fẹ́ omi sí wọn lára, á máa ṣa èyí tó bá bàjẹ́ kúrò. Ẹ má ṣí igbá wò. Mo mọ bó ṣe ń dun ènìyàn tó láti wò ó, ọmọbìnrin mi máa ń bẹ̀ mí ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n abo tí a ṣí ilé lé lórí lè jẹ ẹyin rẹ̀ tán. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta wọ́n á pa, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lè wẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú àpò ikùn wọn ni wọ́n ń jẹ. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n yé ẹyin, ìyá á kó wọn jáde.

Kò sí ohun tí mo tíì rí nínú gíláàsì tó dà bí ìyẹn. Ọmọ wẹ́wẹ́ á bo ilẹ̀ yanrìn, ìyá wà láàárín wọn, bàbá ń yí wọn ká. Bí nǹkan bá kọjá níwájú táǹkì, ìyá á fi lẹ́bẹ́ já pátì, gbogbo ọmọ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, wọn ò ní mira títí á fi tún ju ara rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Èyí tó bá ṣáko lọ, ọ̀kan nínú òbí á fà á sẹ́nu, á lọ tu ú sáàárín àwọn yòókù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á kó wọn padà sínú ihò. Nítorí náà, ẹ má pa iná yàrá lójijì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ kí ìyá lè ráàyè kó ọmọ rẹ̀ wọlé.

Àwọn ọmọ á máa jẹ ohun tó wà lára ewé fúrúùtù. Ẹ fi artemia, ẹranko wẹ́wẹ́ inú omi oníyọ̀ tó jọ edé, kún un: àwọn tó ń pa ẹyin àrọ̀ ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú mọ̀ ọ́n, ẹyin rẹ̀ ni wọ́n ń ra nínú agolo. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn díẹ̀ fún yín. Ẹ tú u sínú ìgò omi oníyọ̀, kí atẹ́gùn máa hó nínú rẹ̀, bó bá di ọjọ́ kejì á ti pa. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án kí ẹ tó fún wọn. Ní àsìkò yìí, ẹ fi aṣọ tí ihò rẹ̀ kéré wé ẹnu rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi, kí ẹ má baà fa ọmọ jáde.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa ń jẹ ọmọ àkọ́kọ́. Ẹ má bínú, ẹ má sì yà wọ́n. Ó di ìgbà kejì tàbí ìkẹta kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ òbí. Ìgbà tó yẹ kí ẹ yà wọ́n ni bí abo bá há akọ mọ́ kọ̀rọ̀ tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ti ń ya, tí kò sì lè jáde wá jẹun. Ẹ gbé akọ kúrò, ìyá nìkan lè tọ́ ọmọ dàgbà.

Nǹkan ìyanu kan tún wà nípa omi. Ìkan omi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ láyé ọmọ ẹja yìí ń nípa lórí bóyá akọ tàbí abo ni yóò dà. Bí omi bá kan gan-an, tó súnmọ́ 5, akọ ló máa ń pọ̀ jù. Bó bá súnmọ́ 7, abo á pọ̀. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò nínú táǹkì, ìdáhùn náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó ewé rẹpẹtẹ sínú omi òjò lásán lè wá rí i pé kò sí ìyàwó fún àwọn ọmọkùnrin ilé rẹ̀. Mo máa ń ti omi tèmi sí 6 àti ààbọ̀ ní gbogbo àsìkò tí ọmọ wẹ́wẹ́ bá wà.

Kíkó ọmọ fúnni

Tí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn òbí á tún fẹ́ yé ẹyin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ti ní táǹkì kejì nílẹ̀ kó tó di ìgbà náà, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti pọ̀ tó nínú fóòmù rẹ̀. Bí ọmọ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 3, wọ́n lè lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ má dà wọ́n sínú odò tàbí ọ̀sà nítorí pé wọ́n pọ̀ jù fún yín. Pé wọ́n jẹ́ ẹja Nàìjíríà kò sọ ọ́ di ohun tó dára. Àìsàn tí wọ́n kó nínú gíláàsì lè bá wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹja tó wà níbẹ̀, ìdílé wọn sì lè yàtọ̀ sí ti àwọn tó ti ń gbé odò yẹn látayébáyé. Àwọn ọmọ iléèwé, tíṣà sáyẹ́ǹsì, oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹja ẹ̀ṣọ́ á gbà á lọ́wọ́ yín.

Èmi kì í fún ẹni tí kò tíì fi táǹkì rẹ̀ hàn mí. Mo máa ń béèrè ìgbà tó pọn omi sí i, mo máa ń fi bébà wo omi náà. Bó bá ti gún, mi ò ní fún àwọn ẹja lóúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kí wọ́n má baà ba omi inú ọ̀rá jẹ́. Mo ń fi ewé fúrúùtù méjì kún un fún ẹni náà. Bó bá délé, kó gbé ọ̀rá náà lé orí omi táǹkì fún ogún ìṣẹ́jú, kó máa bu omi táǹkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan, kó fi nẹ́ẹ̀tì kó ẹja sínú táǹkì, kó sì da omi ọ̀rá nù síta. Kò gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ títí di ọjọ́ kejì.